Ìta Ni Kí Ẹní Ti Pàdé Oòrùn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ooru Inú Ilé

Ooru oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ní Èkó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú kékeré wò. Iná kì í sì í fìgbà gbogbo wà kí fáànù lè yí, ká má tíì sọ ti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yín fi pọ̀ lórí ẹní, ọparun, pankẹ́rẹ́, ìko àti ihá àgbọn: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń mú ilé tutù, báwo la sì ṣe ń lò wọ́n? A ṣa mélòó kan nínú wọn dáhùn. Kí ẹ tó máa kà á lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ẹní tó ń mú òtútù jáde lára. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá oòrùn dúró, kó sì fún afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ibi tí ẹ bá fi í sí ló máa sọ bóyá owó yín ṣiṣẹ́ tàbí ó wọgbó.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìwọ̀-oòrùn ni yàrá wa kọjú sí. Tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, kò ṣe é jókòó sí mọ́. Mo ra kọ́tìnì ìko tó nípọn, mo ta á sójú fèrèsé, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?*
— Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ṣùúrùlérè

Ẹ kú ìfaradà, mà. Kọ́tìnì náà lè má ní àbùkù kankan. Inú ilé tí ẹ ta á sí ni wàhálà wà. Tí oòrùn bá ti gba ara gíláàsì kọjá, ooru ti wọlé nìyẹn. Kọ́tìnì á gbà á sára, á gbóná, á sì tú u padà sínú yàrá, torí gíláàsì tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kì í jẹ́ kí ooru yẹn jáde bó ṣe wọlé. Àmọ́ tí ohun kan náà bá wà níta gíláàsì, òun nìkan ló máa gbóná, afẹ́fẹ́ ìta á sì ti gbé ooru ara rẹ̀ lọ kó tó kàn yín. Àwọn tó kọ́ ilé Àgùdà sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó mọ èyí dáadáa. Ìlẹ̀kùn fèrèsé wọn jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tò ní dídagun, tó ń dí ojú oòrùn tí afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín rẹ̀ wọlé.

Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan wà lókè orí wa tààrà. Òrùlé ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ń jẹ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti wálẹ̀ tán, abẹ́ etí òrùlé ló ń gbà wọlé, kò sí ìbòrí kékeré orí fèrèsé tó lè dá a dúró. Ohun tó bá sọ̀ kalẹ̀ bo ojú fèrèsé ló lè ṣe é. Ẹ wá wo ibi tó ti le: gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá sí Èkó. Fèrèsé tó ń gba oòrùn sí yín lára náà ló ń gba atẹ́gùn fún yín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ohun tó dí pa bò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 4. Ọparun méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ìbú ẹnu rẹ̀ tó íǹṣì 4, ti tó. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí abala kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ẹ sì la abala kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ. Ìlàpa tó ju 60 lọ lẹ máa rí, 50 lẹ sì máa lò. Ẹ ṣa àwọn tó wọ́ sọ nù. Okùn ihá àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi hun wọ́n pọ̀, ní ọ̀nà mẹ́rin tó jìnnà síra dọ́gba. Ẹ ṣẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan po sí méjì: apá kan gba iwájú ìlàpa, apá kejì gba ẹ̀yìn, kí ẹ wá lọ́ wọn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fi ìlàpa mìíràn sí i. Ibi tí okùn ti lọ́ yẹn ló ń dá àlàfo sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fún un le koko láti lè jẹ́ kó lẹ́wà ti sọ ọ́ di ògiri.

Ẹ fi igi tú-báì-tú (íǹṣì 2 ní 2) ṣe òkè rẹ̀, kí ẹ sì fi odidi ọparun kan ṣe ìsàlẹ̀ kó lè wúwo. Ẹ gbé e jìnnà sí ògiri ní íǹṣì 6, lórí apá igi méjì tí ẹ fi ìdè àti fíṣà (ike inú ihò ògiri tí ìdè ń wọ̀) dè mọ́ búlọ́ọ̀kù. Kó yọ kọjá etí fèrèsé ní íǹṣì 6 lọ́tùn-ún, lósì àti nísàlẹ̀. Òkè ní tirẹ̀, ẹ má ṣe dí i: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó gbóná láàárín ọparun àti ògiri máa gbà sá lọ. Ẹ so okùn mọ́ igun ìsàlẹ̀ méjèèjì kí ẹ lè dè é mọ́ irin ojú fèrèsé. Tí òjò oníjì oṣù Kẹta bá ṣú, ẹ ká a sókè kí ẹ sì dì í; ìjì ló ń pa á ju òjò lọ. Okùn náílọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú kò dáa níbí, oòrùn á jẹ ẹ́ títí á fi máa já lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́. Wáyà lásán ní tirẹ̀ á dípẹtà kíákíá ní ìlú tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ wà.

Ní ti kọ́tìnì tí ẹ ti rà, ẹ fa fọ́nrán kan yọ lára rẹ̀ kí ẹ fi iná kàn án. Ìko gidi á jó bí ìwé ti ń jó, á fi eérú sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe á yọ́, á di kókó líle, òórùn rẹ̀ á sì ta èèyàn nímú. Tó bá jẹ́ ìko gidi, ẹ má gbé e síta níbi tí òjò ti lè bá a, torí kì í fara da omi. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ilé fún ìbòjú, kí ọparun wà níta fún oòrùn.

*Mo rí fídíò kan láti Íńdíà tí wọ́n ta ẹní sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bu omi lù ú, tí ilé sì ń tutù. Èmi náà ta ẹní tútù sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ńṣe ni gbogbo ara mi ń lẹ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà

Kò sí ohun tí ẹ ṣì ṣe. Afẹ́fẹ́ Èkó ni kò gbà. Gbòǹgbò koríko vetiver ni wọ́n fi ń hun ẹní tí ẹ rí yẹn. Khus ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ní Delhi àti Rajasthan, kí òjò wọn tó bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ fúrúfúrú. Omi tó bá ń gbẹ lára ẹní ló ń mú ooru lọ, afẹ́fẹ́ tó sì gbẹ ló lè gba omi yẹn. Tí ooru bá jẹ́ 40°C tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, omi gbígbẹ lè fà á wálẹ̀ dé nǹkan bí 22°C. Ní Akọkà lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tí ooru jẹ́ 32°C tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 75, ibi tó lè dé jù lọ ni nǹkan bí 28°C. Ẹní ẹnu ọ̀nà kò sì ní débẹ̀ rárá.

Ìwọ̀nba ìtura yẹn ni ẹ fi ọ̀rinrin rà. Òógùn ni ara wa fi ń tu ara rẹ̀ lára, tí yàrá bá sì ti kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í gbẹ mọ́. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ yín lára nìyẹn. Tó bá ṣe, ẹní á bu, á ní àmì funfun àti dúdú, àyà á sì máa há ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma). Ìgbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, tí ètè bá ń là, ẹní tútù lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ lọ́sàn-án. Láwọn oṣù yòókù, gbígbẹ ni kí ẹ lò ó.

Ẹ sùn lé e lórí dípò kí ẹ rin ín. Fóòmù máa ń gba ooru ara mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ ẹ̀yìn kọjá. Ẹ tẹ́ ẹní sórí ibùsùn onípákó tó ní àlàfo íǹṣì 2 láàárín pákó kan àti èkejì, kí ẹ fi aṣọ òwú tẹ́lẹ̀. Tí iná bá wà, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí yín lára gan-an. Afẹ́fẹ́ tó bá ń kan ara lè mú kí ooru dà bíi pé ó fi ìwọ̀n 2 tàbí 3 dín, bẹ́ẹ̀ yàrá kò yí padà rárá.

*Yàrá òkè pátápátá là ń gbé, páànù ló wà lórí wa, kò sí àjà. Lánlọ́ọ̀dù ní ká ṣe é fúnra wa. Ṣé ẹní lè ṣe àjà?*
— Ayálégbé, Bàrígà

Ó lè ṣe é, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹní ti wúlò jù nínú ilé Èkó, torí òrùlé ló ń gba oòrùn pọ̀ jù. Páànù tó ti dípẹtà lè gbóná kọjá 60°C lọ́sàn-án gangan. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Páànù náà ń ta ooru sí yín lórí tààrà bí ààrò ẹlẹ́ran ti ń ta á sí ẹni tó dúró nítòsí. Tí nǹkan kan bá ti wà láàárín yín àti páànù, ìtura ti dé.

Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò. Ẹ dúró de òjò ńlá kan kí ó fi gbogbo rẹ̀ hàn yín. Àjà ẹní tó bá ń gba omi kò ní lò ju àsìkò òjò kan lọ.

Fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12, kí káfíńtà kan igi tú-báì-tú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì síra. Ibi tí ẹní bá ti sún mọ́ páànù jù lọ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má dín sí íǹṣì 6. Ẹní fàfá ẹsẹ̀ bàtà 3 ní 6, mẹ́jọ á bo yàrá náà pẹ̀lú ìgorílé díẹ̀. Ìpele méjì ló dáa, nítorí náà ẹ ra mẹ́rìndínlógún, kí ìpele kejì dábùú ti àkọ́kọ́. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ gbá etí ẹní mọ́ igi. Ìṣó nìkan á fà á ya.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a, kó kó ihá àgbọn tó nípọn íǹṣì 2 sórí ẹní náà. Ihá íǹṣì 2 yẹn ń dá ooru dúró ju ògiri búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 lọ, a kò sì sọ àsọdùn. Badagry ni àgbọn pọ̀ sí, ìdọ̀tí sì ni ihá jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bó o. Tí ẹ bá fẹ́ fi tẹ́ àjà, kò nílò kí ẹ rẹ ẹ́ fún oṣù mélòó kan bí ti àwọn tó ń ṣe okùn. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ fi ọmọ odó lù ú, ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dànù, kí ẹ sá a gbẹ pátápátá. Ti yàrá yìí máa wọn nǹkan bíi kílò 30 sí 40. Ẹ sọ fún káfíńtà kó mọ̀ kí ó tó yan igi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í rántí ni ihò. Ẹ ṣí ojú sílẹ̀ ní etí òrùlé níhà méjèèjì, ní ọ̀kánkán ara wọn, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin bò wọ́n nítorí eku àti àdán. Tí kò bá sí ihò, afẹ́fẹ́ gbígbóná á há sáàárín páànù àti ẹní. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ẹní fúnra rẹ̀ á ti gbóná, á sì máa ta ooru sílẹ̀. Ẹni tó bá ní àjà ẹní tó sì ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, kó lọ wo ibẹ̀ kó tó wo ibòmíì.

A bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré. Ẹní gbígbẹ lókè orí ń gba iná kíákíá. Inú páìpù ni kí wáyà gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìsopọ̀ wáyà kankan wà lórí ẹní. Gílóòbù LED nìkan ni kí ẹ lò, kó sì jìnnà sí ẹní. Àbẹ́là, kóìlì ẹ̀fọn àti ìdáná gáàsì kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tó ní àjà ẹní. Tí ibẹ̀ náà bá jẹ́ ibi ìdáná yín, ẹ má ṣe é. Ẹ bẹ lánlọ́ọ̀dù kó fi ọ̀dà funfun kun páànù lókè. Ìyẹn nìkan náà á dín ooru kù gidigidi, kò sì lè jó.

*Ṣé mo lè lẹ ẹní mọ́ ara ògiri inú yàrá kó lè tutù?*
— Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta

Kò pọn dandan. Ẹní tinrin tó lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ooru tó nǹkan dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bu. Tó bá jẹ́ ògiri ìwọ̀-oòrùn ló ń gbóná, ìta ni kí ẹ ta á sí, íǹṣì 4 sí ògiri.

*A tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sisal (èyí tí wọ́n fi fọ́nrán ewé hun) sí ọ́fíìsì wa, a sì fi aṣọ àpò ìdọ̀họ ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ń rùn, ó sì ti bu. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.*
— Alábòójútó ilé iṣẹ́, Marina

Ojoojúmọ́ kọ́, ọ̀sán nìkan ni. Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tó kún fún omi láti ọ̀sà àti òkun á wọlé, á bá ilẹ̀ àti ògiri tó ṣì tutù, omi á sì fara hàn lára wọn. Sisal àti ìdọ̀họ á fà á mu. Láàárọ̀, ẹ tún ti fèrèsé pa. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti ń kọjá nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ púpọ̀, ohun ọ̀gbìn á bu dandan, ìdọ̀họ ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ yọ ìdọ̀họ yẹn kúrò, kò ṣe é tún ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ẹ gbá a, ẹ sá a sóòrùn ní wákàtí 3, ojú ọ̀tún àti ojú òsì. Ẹ po fínígà funfun àti omi dọ́gba, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ fún gbẹ nù ún, kí ẹ tún sá a. Ẹ má ṣe lo omi afọṣọ-funfun, torí ó ń sọ fọ́nrán di ẹlẹgẹ́. Nígbà tí ẹ bá máa rà á padà, ihá àgbọn ni kí ẹ rà, òun ló ń fara da ọ̀rinrin jù láàárín wọn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; ẹ jẹ́ kó ṣe é ká, kí ẹ máa ká a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ilẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́. Ẹni tó wà ní ilẹ̀ níbi tí àgbàrá ti ń wọlé lásìkò òjò, kó fi aga pankẹ́rẹ́ mọ. Kápẹ́ẹ̀tì kò dára fún un.

*Ìdun wà nínú ẹní wa.*
— Mushin

Omi híhó ni, kì í ṣe oògùn tí ẹ máa fín sí ibi tí ọmọ ń sùn. Ẹ dà á sí gbogbo etí àti ojú ìránpọ̀ rẹ̀, kí ẹ sá ẹní náà sóòrùn gangan títí tí á fi gbẹ wóró. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹyin wọn. Ẹ yẹ ojú pákó ibùsùn wò pẹ̀lú. Ìdun kì í dá nínú ẹní nìkan gbé.

*Ọparun ni mo fi ṣe àgọ́ ìjẹun mi. Lẹ́búlẹ́bú funfun ti ń jábọ́ sórí tábìlì àwọn oníbàárà. Ṣé kí n tú u ni?*
— Olóúnjẹ, Ọ̀bálendé

Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́ nínú. Sítáàṣì inú ọparun ló ń wá, ọparun tí kò gbó ló sì ní in jù. Ọparun tó ti pé ọdún 3 sókè ni kí ẹ máa rà. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣá, ó ti ní àmì tóótòòtó lára, èèpo ìgbà èwe rẹ̀ ti bọ́ kúrò, tí ẹ bá sì fi igi kàn án, ó ń dún gan-gan.

Àwọn ọ̀pá tó ń gbé òrùlé dúró, tí ihò bá ti pọ̀ lára wọn, ẹ pààrọ̀ wọn láìjáfara. Àwọn tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán lè dúró. Kí ẹ tó lo tuntun, ẹ po 600 gíráàmù borax àti 400 gíráàmù boric acid, oògùn méjì tó ń dènà kòkòrò, sínú lítà 20 omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ rò ó títí tí á fi yọ́ tán. Ẹ fi irin gígùn lu ojú oríkèé inú ọparun já kí oògùn lè wọ inú, kí ẹ sì rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 7, kó mù sínú omi pátápátá. Bí ọparun bá pọ̀, ẹ po oògùn sí i ní ìwọ̀n kan náà. Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ ti gbẹ ẹ́. Oòrùn gangan á là á.

Oògùn yìí kì í kú sí ara ọparun tí òjò ń pa, omi á fọ̀ ọ́ jáde. Nítorí náà, ẹ kun ojú tó wà níta ní fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mejì kí àsìkò òjò tó dé, kí ẹ sì tún un kùn lọ́dọọdún. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀pá kúrò nílẹ̀, kó dúró lórí kọnkéré tó ga ní íǹṣì 6. Ẹ lo ìbọ̀wọ́, ẹ má po oògùn náà nínú ìkòkò oúnjẹ, ẹ kó o jìnnà sí àwọn ọmọdé. Ààrò tí ẹ ti ń sun ẹja ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ àgọ́ náà pátápátá, lónìí.